Ẹ̀wù Nọ́ńbà Mọ́kànlélógójì

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n bá wa dúpẹ́ oore tí a kò ṣe. Lyle Brandvold kò mọ àdúrà yìí lọ́jọ́ Sátidé. Kí wọ́n tó palẹ̀ àwo oúnjẹ ọ̀sán mọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ó ti mọ ìdí tó fi yẹ kéèyàn máa gbà á.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kọ́lẹ́ẹ̀jì Marrow Valley, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ti sọ ìyà di oúnjẹ. Bí wọ́n bá lọ bá onílé, onílé á nà wọ́n. Bí àlejò bá wá bá wọn ní Nebraska níbí, àlejò á nà wọ́n, á sì tún jẹ oúnjẹ wọn kó tó lọ. Ó ti dé ibi pé àwọn obìnrin tó ń ta ọbẹ̀ ẹ̀wà ẹlẹ́ran àti búrẹ́dì aládùn tí wọ́n ká bí ìgbín lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ń kó ìkòkò wọn kí eré tó dé ìdajì. Kóòṣì Haverkamp, tó máa ń pariwo tẹ́lẹ̀, ti dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ló wá ń ba àwọn ọmọ lẹ́rù.

Lyle wà nínú ẹgbẹ́ náà, àmọ́ bẹ́ǹṣì ló mọ̀ ọ́n jù. Ọmọ àgbẹ̀ àgbàdo ni, láti Ostby, ìlú kékeré kan tí ọkọ̀ ń dé láàárín wákàtí kan. Ẹ̀wù nọ́ńbà mọ́kànlélógójì ni wọ́n fún un lọ́dún tó wọlé. Ẹ̀wù náà ṣì funfun báláú, torí kò tíì fara kanlẹ̀ rí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà, ni Tavaris Guidry. Guidry ọmọ Beaumont ní Texas, gìrìpá tí í dí ọ̀nà bí igi tó wó sí títì. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù sáré pàdé rẹ̀ á rántí ohun tó jẹ láàárọ̀. Nọ́ńbà márùndínlọ́gọ́ta ni tirẹ̀, ẹ̀wù tirẹ̀ kò sì funfun mọ́ láti ìgbà pípẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé yìí, àwọn ará Fort Delaney ni wọ́n wá. Bí ìdajì kejì ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ọ̀kan nínú wọn di Guidry lẹ́wù mú, ẹ̀wù sì ya láti ọrùn títí dé ìbàdí. Adájọ́ eré ní kó jáde lọ pààrọ̀ ẹ̀wù. Dwight, ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀wù àti bàtà ẹgbẹ́ náà, tú àpótí rẹ̀ wò. Èyí tó kù níbẹ̀ kò lè gba Guidry lórí. Ó gbójú sókè, ó wo orí bẹ́ǹṣì, ojú rẹ̀ bá bọ́ sára Lyle, tí ẹ̀wù tirẹ̀ fẹ̀ dáadáa.

"Lyle, bọ́ tìẹ fún un."

"Tèmi kẹ̀?"

"Àbí o fẹ́ lò ó ni?"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Lyle bọ́ ẹ̀wù. Dwight ju kóòtù kan sí i, ó fi bora, ó sì jókòó.

Kóòṣì Haverkamp sọ fún adájọ́ pé Guidry ti pààrọ̀ nọ́ńbà, bí òfin ṣe wí. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún àwọn oníṣirò. Àwọn wọ̀nyẹn wà lókè, nínú yàrá onígíláàsì, àwọn ni wọ́n ń kọ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, yáàdì tó sá, àti ẹni tó gbé e ṣánlẹ̀. Wọn kì í wo ojú èèyàn láti ọ̀hún, nọ́ńbà ni wọ́n ń wò. Nínú ìwé tó wà níwájú wọn, àti níwájú ẹni tó ń ròyìn eré nínú rédíò, mọ́kànlélógójì ni Lyle Brandvold, ọmọ Ostby.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ agbóhùnsókè pe orúkọ rẹ̀, hóró òdòdó oòrùn ló wà lẹ́nu Lyle. "Lyle Brandvold ló gbé e ṣánlẹ̀," ni ẹ̀rọ wí. Lyle gbé hóró náà mì tèèpotèèpo.

"Ọ̀gbẹ́ni iwin," ẹnì kan kígbe láti ìdí bẹ́ǹṣì. "Ó ń jẹun níbí, ó ń pa èèyàn lọ́hùn-ún."

"Rọra máa gbá wọn o, Lyle. Ọmọ èèyàn ni wọ́n."

Wọ́n tún pe orúkọ náà, wọ́n tún pè é. Bí Guidry ti ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀ ni Lyle ń gbayì. Wọ́n ń fọwọ́ gbá a lórí, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi díẹ̀. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ó ń dùn mọ́ ọn. Ohùn yẹn ń lọ láti òpin pápá kan dé èkejì, orúkọ bàbá rẹ̀ ló sì ń gbé lọ.

Nígbà tí eré fẹ́ parí, Marrow Valley fi àmì díẹ̀ ṣíwájú, àmọ́ àwọn ará Fort Delaney ti dé ẹnu ọ̀nà, níwájú ilà tí bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ kọjá. Bí wọ́n bá wọlé, ó tán. Ọmọkùnrin wọn gbé bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń bọ̀. Guidry pàdé rẹ̀. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì gbọ́ ìró èjìká wọn. Bọ́ọ̀lù bọ́, Guidry dà lé e, gbogbo ayé sì dà lé Guidry. Nígbà tí wọ́n kó wọn kúrò tán, bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n borí. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ya wọ pápá bí omi. Kóòṣì Haverkamp kúnlẹ̀ sórí koríko, ó sì bo ojú.

Lyle ṣì wà nínú kóòtù nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Orrin, bàbá rẹ̀, ni.

"Mo gbọ́ ọ nínú rédíò," ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ kò já geere. "Orí ẹ̀rọ ìkórè ni mo wà. Mo pa ẹ́ńjìnnì."

Lyle kò tíì rí bàbá rẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì láàárín oko nígbà ìkórè, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú. Ó la ẹnu láti sọ pé, Dádì, èmi kọ́. Ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣé, Dádì."

Kì í ṣe irọ́, ìkíni lásán ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ìwé ìṣirò eré náà jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá wò ó tí kò mọ ẹni tó borí á rò pé Marrow Valley ló tún jìyà. Fort Delaney sá jù wọ́n lọ, wọ́n ju bọ́ọ̀lù jù wọ́n lọ, wọ́n pẹ́ lórí bọ́ọ̀lù jù wọ́n lọ. Àfi ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ń dínà sí. Brandvold ló wà lókè níbẹ̀, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tó gbà lẹ́nu ọ̀nà. Guidry ṣe díẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òdo.

Ìyá Guidry rí òdo náà ní Beaumont, àyà rẹ̀ já. Ó pe ọmọ rẹ̀. "Ṣé wọ́n ti ṣe ọ́ léṣe ni? Ta ni mọ́kànlélógójì tó gba ipò ẹ?" Guidry rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lyle wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ Lyle lọ sí Ostby. Orrin ti ní kó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá jẹun. Ojú ọ̀nà dákẹ́, àgbàdo gbígbẹ dúró ní apá méjèèjì.

"Ṣé o ti sọ fún bàbá ẹ?" Guidry béèrè.

"Màá sọ fún wọn."

"Nígbà wo?"

"Ká tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Lyle, kóòṣì máa pe àwọn oníṣirò lọ́la kí wọ́n tún ìwé yẹn kọ. Kò dùn mí. Ṣùgbọ́n bàbá ẹ, wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

"Mo ní màá sọ ọ́."

Ìsìn ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Orrin sún fún wọn lórí ìjókòó, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ tó le bí èèpo igi bo ti Lyle. Ọwọ́ náà kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi kọ orin tán.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Pásítọ̀ Kirsten Aune máa ń béèrè ẹni tó ní ayọ̀ tàbí ẹrù lọ́kàn, kí ìjọ bá a gbé e síwájú Olúwa. Ẹnì kan dárúkọ àìsàn ìyàwó rẹ̀. Ẹnì kan dárúkọ òjò. Lẹ́yìn náà ni Orrin Brandvold dìde. Àwọn èèyàn yíjú, torí Orrin kì í dìde. Ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó mú ìwé kan tó ká sínú rẹ̀ jáde. Ìwé ìṣirò náà ni.

"Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀," ó wí. "Ọmọ mi ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ́. Mo ti ń bẹ Ọlọ́run, kì í ṣe pé kó di èèyàn ńlá. Pé kí wọ́n ṣáà pe orúkọ ẹ̀. Lánàá wọ́n pè é, mo gbọ́ ọ nínú oko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúpẹ́."

"A dúpẹ́, Olúwa," ni gbogbo ìjọ wí.

Guidry náà wí i. Ohùn rẹ̀ jáde ketekete lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lyle. Lyle nìkan ni kò lè la ẹnu. Ó tẹ orí ba, àwọn tó wà lẹ́yìn sì rò pé ó ń gbàdúrà ni.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún oúnjẹ. Àwọn àgbà fi Lyle jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀. Kò sí àyè mọ́ nídìí tábìlì náà, Guidry gbé àwo rẹ̀, ó sì fara ti ògiri nítòsí wọn. Màmá Verna, tó ń pín ọ̀dùnkún, dúró níwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, kí ló dé tí o fi ń fọwọ́ òsì jẹun?"

"Èjìká mi ni, mà. Kò ṣeé gbé sókè láti àná."

"Pẹ̀lẹ́ o."

Milo Sedlacek, tí oko rẹ̀ àti ti Orrin jọ pààlà, kò gbọ́ ìyẹn. Ojú Lyle ló ń wò. "Ó yá, akọni. Sọ bí o ṣe gba bọ́ọ̀lù yẹn fún wa."

Àyè láti sọ òótọ́ ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Lyle mọ̀ ọ́n. Ojú bàbá rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó ń tàn.

"Ó tẹ orí mọ́lẹ̀," Lyle wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ó gbé bọ́ọ̀lù mọ́ àyà. Mo... mo fi èjìká pàdé ẹ̀."

"Èjìká èwo?"

"Ọ̀tún."

Milo na ọwọ́ kọjá orí àwo, ó gbá a ní èjìká ọ̀tún gbààà. Lyle kò tiẹ̀ mira. "Ẹ wò ó, ẹ wò ó. Kò tiẹ̀ dùn ún. Orrin, kí lẹ fi ń bọ́ ọmọ yìí?"

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Lyle gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì ṣe kòńgẹ́ ti Guidry. Guidry kò bínú. Ó kàn yí ojú rẹ̀ kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí èèyàn ṣe ń yí ojú kúrò lára ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀, ó sì fọwọ́ òsì wá fọ́ọ̀kì rẹ̀.

"Èmi kọ́," Lyle wí.

"Ìwọ kọ́ kí ni?" Milo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Èmi kọ́ ni mo gbà á. Èmi kọ́ ni mo ṣe ìkankan nínú ẹ̀. Ẹ̀wù Guidry ya, wọ́n ní kí n bọ́ tèmi fún un, torí wọ́n mọ̀ pé n ò ní lò ó. Mo wà lórí bẹ́ǹṣì nínú kóòtù. Guidry ni ẹ gbọ́ nínú rédíò, Dádì."

Màmá Verna dúró pẹ̀lú ṣíbí ọ̀dùnkún lókè. Milo wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi gbá ọmọ náà, ó rọra fà á sẹ́yìn.

Orrin mú ìwé ìṣirò náà jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ́ ibi tó ti ká.

"Mo dìde níwájú Ọlọ́run lókè yẹn," ó wí.

"Mo mọ̀, Dádì."

"Mo dìde, ìwọ sì jókòó."

"Mo jókòó, sà."

Bàbá kò pariwo. Ì bá ṣe pé ó pariwo, ì bá rọrùn fún Lyle. Ojú rẹ̀ kàn ṣáà rẹ̀wẹ̀sì, bí ojú ẹni tó rin oko dé òpin, tó wá gbọ́ pé oko náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó yíjú sí ògiri, sọ́dọ̀ Guidry.

"Ìwọ náà wà níbẹ̀, Tavaris. O bá wa wí i pé a dúpẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Nǹkan tí ẹ dúpẹ́ fún ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, sà."

Orrin mi orí. Ó wo àwo tí ọmọ náà fi ọwọ́ kan ṣoṣo dì mú. Ó fa àwo tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sún àga rẹ̀ kúrò lára ti Lyle díẹ̀, àyè sì ṣí sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ìgbà yẹn ló tó wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Lyle," ó wí, "jọ̀ọ́, lọ bá wa gbé àga kan sí i wá."