Ebi Tó Ń Mú Ọmọ Sanra

Ní ọdún tí tẹlifíṣọ̀n ń fi ebi Sòmálíà hàn wá, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí pálọ̀ Bàbá Lágúnjú ní Òkèrèwè kì í kún. Bí iná bá ti dé báyìí, gbogbo agbolé á wọlé, àwọn àgbà lórí àga, àwọn ìyàwó ilé lórí ẹní. Ìròyìn á gbé àwọn ọmọ náà jáde: egungun ìhà tó yọ síta, ẹsẹ̀ bíi pankẹ́rẹ́, eṣinṣin lẹ́bàá ẹnu. Màmá Yéjídé, olórí ẹgbẹ́ obìnrin agbolé, á fi etí ìborùn nu ojú. Ẹkún rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn.

"Ẹ̀dá Ọlọ́run rèé o! Àwa ń jẹ, a tún ń ṣẹ́kù."

Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni Àyọ̀kẹ́ máa ń jókòó sí, Bọ́látitó ọmọ rẹ̀ lórí itan. Opó ni, gààrí ló ń yan fún àwọn ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti lọ̀ á wọ inú àpò. Àyọ̀kẹ́ á fi igi há àpò náà láàárín, á máa fún okùn rẹ̀ mọ́ ọn lójoojúmọ́ bí omi bá ṣe ń ro dànù. Bí ẹ̀gẹ́ kò bá gbẹ tó, yóò dì nínú agbada. Bó bá ti tó, tí èèyàn bá fi ìka tẹ àpò náà, ojú ìka á dúró síbẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀gẹ́ á wá bu gààrí díẹ̀ fún un. Ìyẹn ni owó iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà ni oúnjẹ òun àti ọmọ, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Lọ́jọ́ kan tó ń wẹ Bọ́látitó, ìka rẹ̀ tẹ ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Ojú ìka dúró síbẹ̀, bí ìgbà tó tẹ àpò ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rù bà á, ó gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì kan.

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ pa irun ọmọ náà tó ti pupa. "Gààrí nìkan lẹ̀ ń fún un, àbí? Ikùn ló ń kún, kì í mọ́ ara. Ebi ló mú ara rẹ̀ wú báyìí. Ẹ wá ẹ̀wà fún un, kíákíá."

Ẹ̀wà kẹ̀? Láti ìgbà tí nǹkan ti wọ́n, ẹ̀wà ti di oúnjẹ olówó ńlá. Àwọn ará ilé sì ń yin ọmọ. "Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ó ń sanra, ó tún ń pọ́n bí ọmọ òyìnbó!"

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá Yéjídé kéde pé kí ilé kọ̀ọ̀kan mú oúnjẹ wá fún Sòmálíà, pé ọkọ̀ yóò wá kó o ní Ẹnuwá, níwájú ààfin. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àyọ̀kẹ́ ni wọ́n to àpò ẹ̀wà tí wọ́n dá jọ sí, nítorí pé èéfín iná rẹ̀ kì í jẹ́ kí kòkòrò wọ̀ ọ́. Òun náà ni wọ́n ní kó yan gààrí ẹgbẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé wọ́n ń gbowó iṣẹ́ lórí àánú ni?

Ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, agolo ẹ̀wà kan. Ara ọmọ mi ò yá."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ebi ni, Màmá."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Màmá Yéjídé rọra fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà.

"Ebi tó ń mú ọmọ sanra! Àyọ̀kẹ́, ṣé o ò rí àwọn tí ebi ń pa ni? Egungun ìhà tèyí dà?"

"Nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Nọ́ọ̀sì fẹ́ ta oògùn ni. Dìde, ọmọ mi. Ohun tá a ti yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń kú lọ, mi ò lè ṣí i."

Kò ní ìkà nínú. Ojú kan ṣoṣo ló mọ̀ fún ebi.

Àyọ̀kẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ di ẹnu àwọn àpò náà. Bó bá tú ọ̀kan, tó tún un dì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó di kókó okùn mú lóòótọ́. Àwọn ọmọ inú tẹlifíṣọ̀n sì wá sí i lọ́kàn, àwọn tí ebi wọn dájú. Ó jọ̀wọ́ okùn náà.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé, gbogbo agbolé ló lọ sí Ẹnuwá, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Àyọ̀kẹ́ ò lè lọ. Bọ́látitó ń yàgbẹ́ gbuuru, kò gba omi gààrí mọ́. Kí àwọn tó lọ tó fi orin padà wálé, ọmọ náà ti dákẹ́.

Màmá Yéjídé wó lulẹ̀. "Ọmọ tó sanra báyìí! Ayé ni! Ayé ló ṣe é!" Gbogbo wọn gbà pé ayé ni.

Nígbà tó yá, wọ́n fa Àyọ̀kẹ́ wá sí pálọ̀, kó má baà dá ronú. Bàbá Lágúnjú fún un ní àga láàárín àwọn àgbà. Ìròyìn bẹ̀rẹ̀, Màmá Yéjídé tún fa ìborùn rẹ̀. Àyọ̀kẹ́ kò sunkún. Ó na ọrùn, ó ń wo ọmọ kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń wá ẹyọ kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti Bọ́látitó. Kó tó wò wọ́n tán, ìròyìn ti bọ́ sórí bọ́ọ̀lù.