Rẹfirí Sọ Ibi Tó Ń Dùn Ún

Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́ kí ìgbáròkó rẹ̀ tó dàrú, ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́ kò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Rẹfirí ni wọ́n ń pè é, láti orí pápá bọ́ọ̀lù títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, bó bá ti na ọwọ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Kò gba rìbá, kò gba ẹ̀bẹ̀, kò sì yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn tó ń sá kiri níwájú rẹ̀ nígbà náà ti di bàbá ọmọ, síbẹ̀ bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lójú títì, wọ́n á kọ́kọ́ ki ẹ̀wù wọn bọ inú ṣòkòtò kí wọ́n tó kí i.

Ìgbáròkó ọ̀tún ló bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Oríkèé tó so itan mọ́ ìbàdí ti jẹ, eegun ń ha eegun bí ọlọ. Ó tiro títí, ó ní ẹsẹ̀ òun kàn sùn ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà kò jí, àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ oríkèé tó ti jẹ, wọ́n sì fi ti irin rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ náà yọrí sí rere. Ojú ọgbẹ́ san. Ìrora àtijọ́ tó máa ń mú un kérora nígbà tó bá fẹ́ wọ bàtà poora pátápátá. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló sọ fún pé òun ti di ọ̀dọ́ padà, pé kí wọ́n máa retí òun lórí pápá.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Onídìrí ni. Yàrá iwájú tó kọjú sí títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bàbá àgbà wà ní yàrá ẹ̀yìn, ọ̀nà tóóró kan ló sì là wọ́n láàárín. Ìyá Onídìrí, ọmọ bíbí inú Rẹfirí, ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn. Ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé, "Bàbá mi wà lọ́wọ́ rẹ o. Bí nǹkan bá ń ṣe wọ́n, wọn ò ní í sọ. Ojú ni kí o máa fi wò wọ́n, má wulẹ̀ gbọ́ tẹnu wọn."

Onídìrí sì ń fojú wò. Ó rí i pé bàbá kì í lọ sórí pápá mọ́. Bí ó bá bi í, á ní ilẹ̀ tutù. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, á ní oòrùn mú jù. Ó rí i pé bó bá fẹ́ dìde, á fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, á wá dúró gbàgà fún ìṣẹ́jú kan bí ẹni tó rántí nǹkan, kó tó gbẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé láti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ náà wà bó ṣe tẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ìlà tí áyọ́ọ̀nù fà sí i kò tíì parẹ́. Orí àga ìrọ̀gbọ̀kú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni ìrọ̀rí wà.

"Bàbá, níbo lẹ ń sùn?"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Níbo lèèyàn ń sùn?"

"Bẹ́ẹ̀dì yìí ò mọ ẹ̀yìn yín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Jẹ́ẹ́jẹ́ ni mo máa ń sùn. Èmi kì í da bẹ́ẹ̀dì rú."

Onídìrí kò rẹ́rìn-ín. Ó kó aṣọ tó dì mọ́wọ́ sílẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Níbo ló ń dùn yín?"

"Kò sí."

"Bàbá."

Rẹfirí wo ògiri. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún, níbi tí àpò ṣòkòtò máa ń wà. "Ibí yìí. Bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ yìí dùbúlẹ̀, á máa ta mí bí iná. Bí mo bá sì gun àtẹ̀gùn, á máa fà mí wálẹ̀."

"Ṣé ó ti pẹ́?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti tú okùn ojú ọgbẹ́."

"Ẹ sì ti padà rí dókítà lẹ́yìn ìyẹn. Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní ara mi le."

Ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń tú ẹrù tó wúwo sílẹ̀. Ó ní dókítà fi fọ́tò eegun náà han òun, irin jókòó sí àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́, inú ọkùnrin náà sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣé kí òun wá la ẹnu ní ó ń dun òun? Ẹ̀rù tún ń ba òun pé bí òun bá sọ ọ́, wọ́n lè ní àwọn fẹ́ tún ibẹ̀ là. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òun ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ti gbádùn. "Rẹfirí tó bá ti fọwọ́ sí góòlù," ló wí, "kò gbọ́dọ̀ padà wá ní kì í ṣe góòlù mọ́."

"Bàbá, nínú ẹ̀yin àti dókítà, ta ni wọ́n là?"

Ẹ̀rín pa Rẹfirí láìrò tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sọ, ta ni yóò bá a bọ́ ọ?

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Onídìrí ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà kò bínú rárá. Ó ya fọ́tò tuntun, ó gba ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá kòkòrò àrùn wọ ojú iṣẹ́, kò sì sí ọ̀kankan. Irin kò mì. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi," ló wí. "Fọ́tò ń fi eegun hàn mí o, kì í fi ìrora hàn mí." Ó ní kò sí pé wọ́n ń tún nǹkan kan là. Ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí obìnrin kan tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé, ẹni tí gbogbo wọn níbẹ̀ ń pè ní Físíò.

Yàrá Físíò gùn, ó ní irin ìdìmú lára ògiri, dígí ńlá kan sì wà lópin rẹ̀. Ó ní kí Rẹfirí rìn lọ síbi dígí kó sì padà. Kó tó padà dé, Físíò ti gba ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì fi í sí òsì.

"Ọ̀tún ló ń dùn mí," ni Rẹfirí wí.

"Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá fi gbọ́dọ̀ wà lósì, Bàbá. Ẹ gbé e pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn yín. Á bá yín gba díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀."

Ó tún ní kó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dúró. Rẹfirí gbìyànjú, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀ gbẹ̀rẹ̀ sápá kejì. Físíò fọwọ́ tọ́ka sí i nínú dígí, ó sì ṣàlàyé. Gbogbo ọdún tí bàbá fi tiro, àwọn iṣan ẹ̀gbẹ́ ìbàdí kò ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti rọ. Wọ́n ti wá gbé oríkèé tuntun fún wọn báyìí, wọn ò lágbára àtigbé e, ohun tó ń fa ìrora nìyẹn. "Ilé ti di tuntun, òpó ni kò lágbára," ló wí. "Ẹ ó máa fún òpó lókun lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún yín. Ẹ má jókòó sórí àga tó bá kúrú. Kò ní í yára o. Ohun tí mo fẹ́ jù ni pé kí ẹ máa sọ òtítọ́ fún ọmọ yín bó bá ṣe ń dùn yín sí."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló le jù fún Rẹfirí. Wọ́n délé, ó ní yàrá òun lòun ti máa ṣe eré ìdárayá náà. Onídìrí bá a níbẹ̀ tó jókòó.

"Ẹ ti ṣe é?"

"Mo ti ṣe é."

"Nínú ọkàn yín?"

Ó ní kó dìde, kó máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ní òun kọ́ ni wọ́n máa mú wá ju ìdí sáàárín àwọn obìnrin. Onídìrí ní, "Àwọn tó kún pápá tí wọ́n ń wò yín nígbà kan, ṣé ọkùnrin nìkan ni?" Bàbá dìde, ó bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fọwọ́ di ẹ̀yìn àga tí kò sẹ́nì kan lórí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń gbé e tó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ kànrìn, bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Tíṣà kan wà lábẹ́ dúráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun lọ́jọ́ náà. Ó yọ orí, ó ní, "Bàbá, ìbàdí yín ti yẹ̀."

"Ta ló fi ọ́ ṣe láìnìsìmáànù ẹ̀gbẹ́ pápá?"

Ẹ̀rín ta ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí gbogbo ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èrò pápá kò tó bá jiyàn di ẹni tí àwọn obìnrin olórí àdìkù ń bá jiyàn. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ kò ròkè tó, á ní ó tó. Wọ́n á ní kó padà gbé e, á gbé e. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ pé ó dun òun. Onídìrí wá ronú kan ọgbọ́n kan. "Bàbá," ló wí, "bó bá dùn yín díẹ̀, ẹ pe káàdì yẹ́lò. Bó bá pọ̀ jù, ẹ pe káàdì pupa, kí eré dúró."

Rẹfirí rò ó wò. Ọ̀rọ̀ tí kò lè jáde lẹ́nu rẹ̀ látọjọ́ yìí rí ọ̀nà gbà. Bó ti gbé ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní, "Yẹ́lò." Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ lórí pápá, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Onídìrí tó ń di irun lọ́wọ́ tẹrí ba sórí irun náà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú òun.

Kò wá lọ geerege lẹ́yìn náà o. Nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í mókun, Rẹfirí gbọ́ ariwo bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde láìmú ọ̀pá. Ó dé pápá lóòótọ́. Bó ṣe padà dé ni ọ̀ràn. Ó di ara ògiri mú wọlé, ó dùbúlẹ̀, kò sì lè dìde lọ́jọ́ kejì.

"Káàdì pupa," ló sọ nígbà tí Onídìrí gbé omi dídì tó fi aṣọ wé wá. "Jẹ́ kó tán síbí, ọmọ mi. Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí."

Onídìrí gbé omi dídì náà lé e ní ìbàdí. "Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ ò lè dé ẹnu géètì. Lánàá, ẹ dé pápá, ẹ sì fẹsẹ̀ ara yín padà. Ẹ ṣàṣejù ni, ẹ ò kùnà. Ẹ jẹ́ kó sinmi, ká tún bẹ̀rẹ̀ láti kékeré."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù mọ̀ ọ́n débi pé bí bàbá bá pẹ́ kó tó jáde, wọ́n á ránṣẹ́ pè é. Nígbà tó yá, yẹ́lò dín kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Onídìrí wọ yàrá ẹ̀yìn, ó bá aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó rún wálawàla, ìrọ̀rí kan wà láàárín bẹ́ẹ̀dì, òmíràn ti já bọ́ sílẹ̀. Ó dúró, ó ń wo rúdurùdu náà bí ẹni ń wo iṣẹ́ ọnà. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Màámi, wọ́n ti da bẹ́ẹ̀dì rú o." Ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ lóye. Nígbà tó lóye, ó ní kó gbé fóònù fún bàbá òun.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Físíò bẹ Rẹfirí pé kó wá bá àwọn tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ náà sọ̀rọ̀. Yàrá kan ni, àga oníke tò yíká, àwọn ìyá àti bàbá jókòó, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀pá tirẹ̀. Rẹfirí rìn wọ inú wọn, ọ̀pá rẹ̀ wà lósì. Onídìrí jókòó sẹ́yìn nítòsí ìlẹ̀kùn.

"Mo purọ́ fún dókítà mi," ni Rẹfirí fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn gbójú sókè. "Iṣẹ́ wọn dára, ojú sì tì mí láti sọ pé ó kù síbì kan. Mo rò pé ọkùnrin ni mí. Orí àga ni mo ń sùn. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Bó bá dùn yín, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì sọ ibi tó ti ń dùn yín gan-an."

Ìyá kan tó jókòó níwájú bi í pé, "Ṣé kò wá dùn yín mọ́ báyìí?"

Onídìrí na ọrùn síwájú. Ó mọ bàbá rẹ̀ àgbà, ó sì mọ̀ pé gbogbo yàrá ló ń wò ó.

"Ó ṣì ń dùn mí," ni Rẹfirí dáhùn. "Kò tó ti tẹ́lẹ̀. Bí mo bá rìn jìnnà, á rán mi létí pé òun wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ibùdókọ̀ ni mo ti fẹsẹ̀ rìn wá síbí lónìí. Mi ò dá ṣe é o. Ọmọ ọmọ mi tó wà lẹ́yìn yẹn, onídìrí ni, òun ló ká mi mọ́. Mo ti darí eré fún àwọn tó lókìkí. Mi ò rí ẹni tó lè darí mi rí, àfi òun."

Gbogbo yàrá yíjú sí i. Orí Onídìrí wú, ojú sì ń tì í, ó wá ń wá nǹkan tí kò sọnù nínú báàgì rẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé tú, ìyá tó béèrè ọ̀rọ̀ kò dìde. Ó ń na ọwọ́ pe Rẹfirí, ó ní òun náà ní ohun kan tóun kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Rẹfirí fa àga kan tó ga dáadáa, ó jókòó tì í. Ó wá bojú wẹ̀yìn.

"Máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ. Àwọn èèyàn ń retí rẹ. Ọ̀rọ̀ wa máa pẹ́ díẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe máa padà wálé?"

"Mo mọ ọ̀nà."

Onídìrí wò ó, ó wo ọ̀pá tó fi ti itan òsì, ó sì lọ. Ó wọ ọkọ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, Tíṣà sì ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bó ti ń ya irun rẹ̀ sọ́nà, Tíṣà béèrè pé bàbá dà.

"Wọ́n wà níbi iṣẹ́," ni Onídìrí wí, ó sì jókòó dáadáa láti ro gbogbo rẹ̀ fún un látìbẹ̀rẹ̀.