Òkú Tó Fẹ́ Wọ Ẹ̀wù Adájọ́

Ìwé ìròyìn kan ní ìlú Leeds kéde ní àárọ̀ Ọjọ́rú pé Desmond Thripp, àgbà òṣèré orí tẹlifíṣọ̀n, ti jáde láyé. Ìròyìn náà bá Desmond fúnra rẹ̀ nídìí tábìlì, níbi tó ti ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Àwòrán tí wọ́n fi sí i kì í ṣe tirẹ̀. Ti Clive Ormerod ni.

Èyí kò yà á lẹ́nu. Ogójì ọdún ni àwọn méjèèjì ti jọ ń du ipa ọlọ́pàá, àlùfáà àti òkú etí odò. Gbogbo ìlú ló mọ ojú wọn, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá pe Desmond ní Clive lójú ọ̀nà, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì fọwọ́ síwèé fún un ní “Clive Ormerod”, nítorí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni kí èèyàn dójú ti ẹni tó ń yìn ín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Clive náà ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ yìí ni Desmond yóò bẹ̀rẹ̀ ipa adájọ́, ipa àkọ́kọ́ tó ní orúkọ láti ìgbà tó ti ń ṣeré. Ó tẹ Maureen, tó máa ń bá a wá iṣẹ́, láago.

“Maureen, mi ò kú o.”

“Desmond! O ò ṣe tètè sọ? Mo ti sunkún tán. Wọ́n ti gbé ipa adájọ́ fún Clive. Òkú kì í ṣeré, ọ̀rẹ́ mi.”

“Èmi tí mo ti ṣe òkú lẹ́ẹ̀mọ́kànlá!”

Ó pe olóòtú ìwé ìròyìn náà.

“Bàbá, ẹ má bínú. Olùkà wa kan rí ìsìnkú Thripp lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ àná.”

“Eré ni! Èmi ni Thripp.”

“Mo dá ohùn yín mọ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fọwọ́ síwèé fún ìyá mi lọ́dún tó kọjá? Ó ṣì wà lára ògiri wọn: Clive Ormerod. Ẹ kú ìrọ́jú ọ̀rẹ́ yín o.”

Desmond wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tẹrí ba fún un.

“Ọ̀gbẹ́ni Ormerod, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀wù adájọ́ ti wà nílẹ̀.”

Desmond la ẹnu láti ṣàtúnṣe. Ó rántí pé ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

“O ṣeun, ọmọ mi,” ló wí, ó sì wọlé.

Ìwé ìròyìn ìrọ̀lẹ́ sọ pé Clive Ormerod ṣe adájọ́ náà bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Ó fi kún un pé bàbá kan dúró nínú òjò lẹ́nu ọ̀nà, tó ní òun gan-an ni Clive. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ṣọ́ pè é ní olóògbé Thripp, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ síwèé fún un bẹ́ẹ̀. Wọn kò tíì fìdí ẹni tí bàbá náà jẹ́ múlẹ̀.