Ìyá Rùfáì

3.

…nítorí náà èmi ni mo yọ̀ǹda bẹ́ẹ̀dì mi fún un. Mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, mo sì sùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún.

Ẹ̀gbọ́n mi dé. Rùfáì, àkọ́bí ìyá mi. Ní 1969 ló bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Àbíjáànì. Ọmọ tí wọ́n ṣì ń pọ̀n ni mí nígbà náà. N kò dá ojú rẹ̀ mọ̀. Kò sí fọ́tò. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló bá wa gbé ilé ní Ọ̀tà, ara ìyá mi ni wọ́n sì ti ń pè é. Ìyá Rùfáì, ẹ káàárọ̀. Ìyá Rùfáì, ẹ kú ọjà. Bí wọ́n bá ti pè é tán, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀.

Nàfísátù lorúkọ tèmi. Ojú ń tì mí láti kọ ìyókù, ṣùgbọ́n mo ti ra ìwé.


1.

(Ó yẹ kí èyí ṣáájú. Mo sá fún un ni.)

Lára ògiri oko wa, lọ́nà Ìyànà Iyesi, pẹ̀lú ọ̀dà pupa:

      ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ
      ÀFI TÍ RÙFÁÌ BÁ DÉ
      — ALH. JÌBÍRÍLÙ DÚRÓTOYÈ

Bàbá mi ló kọ ọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà bí àkọ́bí òun kò bá tẹ ìka sí ìwé. Ó kú. Rùfáì kò dé. Àwọn ilé iṣẹ́ ń ra ilẹ̀ Ọ̀tà bí ẹni ń ra ẹ̀kọ. Wọ́n dé ibi ògiri wa, wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n padà.

Ìyá mi gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ yẹn là ń jẹ.


2.

Lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ wa ní Sángo, 1988:

      ÌKÉDE
      Sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń di ọṣẹ.
      Kò sí ohun èlò. Owó òkè òkun ti wọ́n jù.
      Kí ẹ máa gbélé títí a ó fi ránṣẹ́ pè yín.
      Ẹ má ṣe dúró sẹ́nu géètì.

A dúró sẹ́nu géètì. Wọn kò pè wá.

Bó ṣe jẹ́ pé mo wà nílé nìyẹn lọ́jọ́ tí Bàbá Kàsúmù mú ẹ̀gbọ́n mi wá. Àbúrò bàbá mi ni Bàbá Kàsúmù, òun sì ni olórí ẹbí wa. Ó ní ẹnu bodè Ìdírókò ni òun ti pàdé rẹ̀, tó ń béèrè ọ̀nà Ọ̀tà lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò.

Ìyá mi kò sunkún. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ gbé oúnjẹ wá.

Èmi ni mo sunkún.


4.

Ohun tó mú bọ̀ láti Àbíjáànì:

báàgì kan.

fìlà kan.

èdè Faransé. (Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni mo tó kà á.)

ẹ̀rín. Ẹ̀rín rẹ̀ dùn, n kò lè purọ́ mọ́ ọn.


5.

Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, á dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá mi. Ìyá mi á sì kì í, bí ìyá ṣe ń ki ọmọ.

ÌYÁ MI: Àjàní.

ÒUN: Màámi.

ÌYÁ MI: Ọmọ Dúrótoyè. Ọmọ a-gbẹ́-kànga-f'álejò-mu.

ÒUN: Hẹ̀ẹ́n.

ÌYÁ MI: Ọmọ Ràbíátù tó kú sí Adó-Odò, tí wọ́n gbé wálé pẹ̀lú àdúrà. Ọmọ a-mú-sùúrù-jogún.

Orí ẹní ni mo ti ń gbọ́. Kò sẹ́ni tó kì mí rí ju ìlà kan lọ. Mo ní kò burú, ó jìnnà sílé, ó yẹ kó gbọ́ ti ẹ̀ ní àgbọ́yó.


6.

Ìpàdé ẹbí, lẹ́yìn Jímọ̀. Ìdí ìpàdé: kí ó fi ara rẹ̀ hàn.

BÀBÁ KÀSÚMÙ: Ẹbí ní kí n bi ọ́. Ta ló bí bàbá rẹ?

ÒUN: Dúrótoyè, a-gbẹ́-kànga-f'álejò-mu.

BÀBÁ KÀSÚMÙ: Ìyá bàbá rẹ ńkọ́?

ÒUN: Ràbíátù. Adó-Odò ló kú sí. Àdúrà ni wọ́n fi gbé e wálé.

ÀGBÀ KAN: Kí ni oríkì rẹ?

ÒUN: Àjàní. (Ó bú sẹ́kún.)

Gbogbo ilé bú sẹ́kún. Àwọn àgbà ní ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, pé kò sí bí àjèjì ṣe lè mọ èyí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. N kò rántí pé àwa fúnra wa là ń bọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà láràárọ̀, bí ẹni ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ. Ilé wo ni wọ́n ti ń dán àlejò wò pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń kì í?

Ilé wa.


7.

[Mo ti yọ 7 kúrò.]


8.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday, eré.

Ọkùnrin kan ti ìdálẹ̀ dé, ó ní òun lọmọ ilé olówó kan. Kì í ṣe ọmọ ilé. Gbogbo àwa tí à ń wò ó la mọ̀. Àwọn tó wà nínú eré nìkan ni kò mọ̀, a sì máa ń pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n lajú.

Tẹlifíṣọ̀n wa nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò. Ti àwọn yòókù ti bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó lágbára àtitún un ṣe láti ìgbà tí ìjọba ti kó SAP, ètò ọrọ̀ ajé wọn tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, dé. Ilé wa ni wọ́n ń wá. Àgbà lórí àga, ọmọdé lójú fèrèsé. Kàfáyá, aládùúgbò wa, máa ń gbé àga tirẹ̀ wá kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun yá àga jókòó.

Ẹsẹ̀ ìyá mi ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó sí. Ó máa ń dá sí eré náà. "Ẹ wo ojú òpùrọ́," bẹ́ẹ̀ ló ń wí. "Ìyá yẹn ò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?" Gbogbo pálọ̀ á rẹ́rìn-ín. Èmi ni ẹ̀rín tèmi máa ń pẹ́ jù.


9.

Sunday tó ṣáájú ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ kan fẹ́ wá ra ilẹ̀ oko wa, kí ẹ̀gbọ́n mi tẹ ìka sí i.

OBÌNRIN INÚ TẸLIFÍṢỌ̀N: Ẹ̀yin òǹwòran wa, kò sí tuntun lọ́sẹ̀ yìí. Èyí tí a ṣe lọ́dún tó kọjá la ó tún gbé jáde fún yín. Ẹ máa gbádùn.

Òun dìde. Ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀.

Ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jókòó. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀."

      ÌTA. ẸNU GÉÈTÌ ILÉ OLÓWÓ.
      Obìnrin kan kan géètì. Mẹ́gáàdì yọjú, ó wọ káki.

      MẸ́GÁÀDÌ: Ọ̀gá no dey.
      OBÌNRIN: Ìgbà wo ni wọ́n máa dé?
      MẸ́GÁÀDÌ: Ọ̀gá no dey.
      Ó ti géètì.

Òun ni mẹ́gáàdì náà. Òun tó ní Àbíjáànì ni òun wà lọ́dún tó kọjá, níbi tí kò ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Imú kan náà. Ohùn kan náà. Káki náà kéré sí i lápá.


10.

Ohun tí a gbọ́ nínú pálọ̀ wa lẹ́yìn náà:




11.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ẹni tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"O ṣe é dáadáa," ló wí.

Kàfáyá gbé àga rẹ̀, ó kí wa pé ó dàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò tíì ṣú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ yá asẹ́ nílé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló yọjú. Ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá no dey." Mo gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀ nínú yàrá. Ojú tì mí débi pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà kí n tó padà.


12.

Lẹ́bàá kànga. Èmi àti òun.

ÈMI: Kí ni orúkọ tí wọ́n sọ yín?

ÒUN: Fàlílù. Alápòtí ni wọ́n bí mi sí. Kò jìnnà.

ÈMI: Ẹ ò ṣe jókòó sídìí eré yín?

ÒUN: Wọn ò pè wá mọ́. Wọ́n ní ká máa gbélé ná.

(Mo fẹ́ bínú. Mo rántí géètì ilé iṣẹ́ ọṣẹ.)

ÒUN: Bàbá Kàsúmù rí mi níbi tí mo ti ń bá wọn kó ẹrù ní gáréèjì. Wọ́n ní iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni, kí n tẹ ìka, kí n máa lọ. Wọ́n ní ìyá náà ò ríran dáadáa.

ÈMI: Ìyá mi ríran.

ÒUN: Mo mọ̀. Èyí tó le nínú ẹ̀ nìyẹn.


13.

Ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá mi ń bó ẹ̀gẹ́.

ÈMI: Màámi, ẹ ti mọ̀.

ÌYÁ MI: Láti ìrun tó kọ́kọ́ kí nínú ilé yìí. Rùfáì já lórí igi àgbọn ní kékeré, orúnkún rẹ̀ òsì kì í ká. Nínà ló máa ń na ẹsẹ̀ tó bá ń kírun. Èyí ká méjèèjì.

ÈMI: Bàbá Kàsúmù ò mọ̀ nípa orúnkún ni?

ÌYÁ MI: Òun ló pọ̀n ọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun.

ÈMI: Àwọn àgbà tó sunkún yẹn ńkọ́?

ÌYÁ MI: Ta ni kò mọ orúnkún Rùfáì? Ìwọ nìkan la ò mọ bí a ṣe fẹ́ sọ fún.

ÈMI: Tó bá tẹ ìka, ilẹ̀ lọ nìyẹn. Kí la ó máa jẹ?

ÌYÁ MI: Nàfísá, láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti lọ ni wọ́n ti ń pe orúkọ mi bí ẹni ń kí mi kú ọ̀fọ̀. Láti ìgbà tí èyí dé, wọ́n ń pè é sókè. Mo ń gbọ́ orúkọ mi lọ́jà.

ÈMI: Èmi náà ọmọ yín ni.

ÌYÁ MI: Ta ló ní o kì í ṣe ọmọ mi?

ÈMI: Ẹnì kankan ò pè yín ní Ìyá Nàfísátù rí.

ÌYÁ MI: (Ó ń bó ẹ̀gẹ́.)

ÌYÁ MI: Tí wọ́n bá bi ọ́ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá ra ilẹ̀, má dójú tì mí.


7.

[Mo dá a padà.]

Ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé ẹbí. Mo ń pọn omi, mo gbọ́ ìyá mi àti òun láti ilé ìdáná.

Ohùn ìyá mi: "Tún un sọ."

Ohùn rẹ̀: "Ọmọ Dúrótoyè a-gbẹ́-kànga—"

Ohùn ìyá mi: "Má kánjú. Ọmọ ilé wa kì í kánjú pe Dúrótoyè."

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ayọ̀ ló ń mú ìyá mi ṣeré.


13, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹni tó sọ ọ́ kò ní ìyá tó ń bẹ̀ ẹ́.

Èmi nìkan ni wọ́n tàn nínú ilé yìí. Mo wá ń bínú sí ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n dúpẹ́ pé mo mọ̀.

Mo tún ń jowú mẹ́gáàdì.


14.

Nínú pálọ̀. Tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa, wọ́n ta aṣọ lé e lórí. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé, akọ̀wé ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ra ilẹ̀, tẹ́ ìwé sórí tábìlì, ó ṣí agolo tàdáwà. Bàbá Kàsúmù jókòó tì í. Mẹ́gáàdì wọ agbádá bàbá mi. Ìyá mi ló gbé e fún un.

Ọ̀GBẸ́NI ṢÓBÁNDÉ: Ẹ má bínú o, ọ̀gá wa ní kí n béèrè. Nítorí àwọn oníjìbìtì tó pọ̀ níta. Ọmọ ìyá ẹ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́rìí.

BÀBÁ KÀSÚMÙ: Àbúrò ẹ̀ nìyí. Ọmọ ìyá kan náà.

Ọ̀GBẸ́NI ṢÓBÁNDÉ: Ẹ̀gbọ́n yín nìyí?

BÀBÁ KÀSÚMÙ: Dá wọn lóhùn, Nàfísátù.

ÈMI:

Ìyá mi kò wò mí. Ilẹ̀ ló ń wò. N kò rí i kó wo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, obìnrin tó máa ń wo èèyàn lójú kó tó ná ata.

Mo kúnlẹ̀. Ojú tì mí, mo kúnlẹ̀.

ÈMI: Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀GBẸ́NI ṢÓBÁNDÉ: Ó parí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí.

Òun ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà. Ó gbé e sókè ìwé náà. Ó wò mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, ó wo ìyá mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Tàdáwà kán sórí agbádá bàbá mi.

BÀBÁ KÀSÚMÙ: Tẹ̀ ẹ́ jàre.

ÌYÁ MI: Rùfáì.

Òun ń wo àtàǹpàkò rẹ̀.

ÌYÁ MI: Rùfáì.

Èmi ni mo dáhùn pé, "Màámi."