Ìtọ́jú Oko Bùsàrí

Ní ọdún tó ṣáájú òmìnira, kò sí bàbá tí inú rẹ̀ dùn tó ti Bùsàrí ní Òmù-Èkìtì. Mùsílíù, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Mùjídátù ìyàwó rẹ̀ bí fún un, ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀, ìjọba sì ti gbà á síṣẹ́. Ṣòkòtò péńpé kakí ló ń wọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún. Òun ló ń ṣe ògbufọ̀ fún òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá bá àwọn àgbẹ̀ ṣèpàdé, láti Ìkọ̀lé títí dé Ìdó.

Ìgbà náà ni àrùn kan wọ inú kòkó. Ẹ̀ka igi á wú bí ẹsẹ̀ ẹni tí ejò bù jẹ, ewé á pọ́n, èso á sì máa kéré sí i títí igi yóò fi gbẹ. Kò tíì pọ̀ lóko Bùsàrí. Ara àwọn igi díẹ̀ létí odò ló ti rí i, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀. Mùsílíù ní kó fọkàn balẹ̀, ìjọba ń bọ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé lóòótọ́. Àwọn àgbẹ̀ pé jọ síwájú ilé olórí àdúgbò, òyìnbó sọ̀rọ̀ títí, Mùsílíù ń túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò túmọ̀, ó fi í sílẹ̀ bí ó ṣe bọ́ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀.

"Ìjọba yóò fún àwọn igi yín ní tírítìmẹ́ǹtì, kí àrùn yìí má baà ràn dé oko ẹlòmíràn."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Morákinyọ̀ ló béèrè. Oko rẹ̀ àti ti Bùsàrí ló pààlà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ṣán igbó ibẹ̀ ní ọ̀dọ́ ni wọ́n ti jọ ń sun iṣu jẹ nínú abà kan náà.

Mùsílíù wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Ìtọ́jú ni, Bàbá."

Ìtọ́jú! Bùsàrí mọ ìtọ́jú. Ó rántí ọdún tí àwọn elétò ìlera gbé abẹ́rẹ́ wá nítorí egbò tó ń jẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé, tí ọmọ tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tún ń sáré kiri ọjà. Bí abẹ́rẹ́ bá lè ṣe èyí fún ènìyàn, kí ni kò ní lè ṣe fún igi? Ọ̀rọ̀ náà sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Bí ẹ̀yìn bá ń ro Mùjídátù, á ní kó lọ gba tírítìmẹ́ǹtì.

Àwọn tó ń sàmì ló kọ́kọ́ wá, pẹ̀lú ọ̀dà funfun. Bùsàrí tẹ̀ lé wọn kiri oko. Ó rí i pé wọ́n ń kun igi tó le koko gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kun èyí tó ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó ti bá ara rẹ̀ wá ìdáhùn: bí ọmọ kan bá ṣàárẹ̀ nínú agboolé, ṣebí gbogbo ọmọ ni wọ́n ń bupá fún?

Morákinyọ̀ kò gbà kí wọ́n wọ oko tirẹ̀. Ó yọ àdá sí wọn. Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó wá bá Bùsàrí nílé.

"Mo rí àáké nínú ọkọ̀ wọn. Igi tí wọ́n fẹ́ bupá fún, kí ni àáké fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n á fi lànà ni."

"Ṣé Mùsílíù ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Mùsílíù kò sọ bẹ́ẹ̀. Bùsàrí kò tilẹ̀ bi í. "Ọmọ mi ni, Morákinyọ̀. Ṣé ó lè fi uṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ ṣeré ni? Bí wọ́n bá ba nǹkan kan jẹ́ lóko rẹ, èmi ni kí o wá mú."

Morákinyọ̀ dìde. "Ó dáa," ló wí nígbẹ̀yìn. "Nítorí tìrẹ ni o." Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ́ kí wọ́n kun àwọn igi tirẹ̀ náà lọ́dà.

Lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀, Bùsàrí ní kí Mùjídátù gún iyán fún wọn. Òun fúnra rẹ̀ ti ro ojú ọ̀nà oko mọ́. Odò ló wà, ó ń pọn omi tí wọn yóò mu, nígbà tó gbọ́ ìró àáké. Ó rò pé ọ̀nà ni wọ́n ń là. Ìró náà kò dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni igi ńlá kan ya lulẹ̀, Bùsàrí sì sọ kèrègbè omi nù, ó sáré wọ oko.

Igi ẹ̀gbẹ́ abà ni wọ́n gé, èyí tó ń so jù lọ. Àwọn èso pupa rẹ̀ fọ́n káàkiri ilẹ̀.

"Ẹ dúró! Ẹ ti ṣì í gé! Èyí kò ṣàìsàn!"

"A ò ṣì í, Bàbá," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Gbogbo èyí tí wọ́n kùn lọ́dà ni."

Bùsàrí gbójú sókè. Ibi tí ojú rẹ̀ lè tó, ọ̀dà funfun ni.

Mùsílíù dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó kẹ́yìn sí oko. Bàbá rẹ̀ fa apá rẹ̀.

"Sọ fún wọn. Sọ fún wọn pé ìtọ́jú la ní kí wọ́n ṣe!"

"Bàbá, òun náà nìyí."

"Kí ni?"

"Àrùn náà kò ní oògùn. Gígé nìkan ló wà. Wọ́n ní ká má dárúkọ gígé, pé bí àwọn àgbẹ̀ bá gbọ́ ọ, wọn ò ní gbà."

"O mọ̀."

"Mo mọ̀. Bàbá, wọ́n máa mú igi tuntun wá..."

Bùsàrí fi apá rẹ̀ sílẹ̀. Mùjídátù sì dé pẹ̀lú iyán lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ rí i, wọ́n sọ àáké sílẹ̀, wọ́n kí i kú ìnáwó. Mùjídátù kò mọ ohun tí ì bá ṣe. Ó bu iyán fún wọn, omi ń dà lójú rẹ̀. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n fọ ọwọ́ tán, wọ́n ré ààlà kọjá bọ́ sóko Morákinyọ̀.

Morákinyọ̀ kò yọ àdá mọ́. Ó jókòó sórí igi tó ti ṣubú, ó ń wo bí èyí tó kù ṣe ń lọ. Nígbà tí Bùsàrí sún mọ́ ọn, tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó fọwọ́ dá a dúró.

"O ní ìwọ ni kí n wá mú. Bí mo bá mú ọ, kí ni kí n fi ọ́ ṣe?"

Igi tuntun dé lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Wọn ò tó nǹkan, ọ̀dá sì pa wọ́n. Àgbàdo ni Bùsàrí ń gbìn sáàárín kùkùté. Morákinyọ̀ kò dúró. Ó kọrí sí ọ̀nà Oǹdó, ó lọ ṣe lébìrà lóko ẹni tí kòkó rẹ̀ ṣì dúró, òun arúgbó tó ti ń gba lébìrà fúnra rẹ̀ rí. Inú ọyẹ́ ni àìsàn kọ lù ú níbẹ̀, ó sì ṣubú lábẹ́ ẹrù kòkó. Wọ́n ti sin ín tán kí Abọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ tó gbọ́.

Mùsílíù wá ṣe Iléyá. Wọ́n ti gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n ti ń jẹun, ó ní, "Wọ́n ti yí orúkọ iṣẹ́ wa padà, Bàbá. Rihabilitéṣọ̀n ni wọ́n ń pè é báyìí."

"Sọ ọ́ ní èdè wa."

Mùsílíù na ọwọ́ sí ife omi.

"Ṣé o gbọ́ nípa Morákinyọ̀?"

"Mo gbọ́ pé Bàbá ti sinmi."

"Kò sinmi. Ó kú. Inú oko olóko ló kú sí, ẹrù kòkó ẹlòmíràn lórí." Bùsàrí ti àwo ẹran sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. "Jẹun. Ulé bàbá rẹ nìyí, n kò lè lé ọ. Ṣùgbọ́n má ṣe bá mi sọ irú èdè yẹn mọ́."

Mùsílíù ò jẹun. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló padà síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọdún kọjá, Bùsàrí gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó gba oko Morákinyọ̀ lọ. Abọ́sẹ̀dé ń kọ ebè ẹ̀gẹ́ láàárín àwọn kùkùté. Bùsàrí kí i, obìnrin náà ń kọ ebè rẹ̀ lọ. Bùsàrí bọ́ sí ìpẹ̀kun oko lódì kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kọ ebè. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, obìnrin náà dáná, ó sun iṣu, ó dá a jẹ. Bùsàrí mu omi odò, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí Abọ́sẹ̀dé tó rìn wá sí apá ibi tó wà. Ó wo àwọn ebè náà lọ títí dé ìpẹ̀kun.

"Èyí tí ẹ kọ síbí kéré," ló wí. "Ẹ tún un kọ."

Bùsàrí tẹ̀ba, ó tún un kọ.