Ogóje Ẹ̀rọ Múrítàlá

Mo kórìíra kí ènìyàn máa fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ kànga nígbà tí ṣọ́bìrì wà nílé. Bí ìwà mi ṣe rí nìyẹn. Ohun tó bá ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sọ fún mi pé kí n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ọ́fíìsì wa wà ní Yábà, lókè ilé alájà méjì kan. Iṣẹ́ wa ni kí a máa ṣọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fún àwọn ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìtajà kéékèèké. Gbogbo ẹ̀rọ tí a gbé sí ọ̀dọ̀ wọn ló ní àmì kan lójú kọ̀ǹpútà mi. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, àmì rẹ̀ á ní àwọ̀ ewé. Bí ó bá kú, á pọ́n. Lábẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan ni orúkọ òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà wà, pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí mo máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ yẹn lẹ́nu iṣẹ́ sí. Ohun tí a bá ti kọ síbẹ̀ kò ṣeé pa rẹ́. A lè fi kún un, a kò lè yọ nínú rẹ̀.

Ogóje ẹ̀rọ ló wà lọ́wọ́ Múrítàlá. Ọmọ Mọ́ṣínì ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń kí ẹ̀rọ kó tó tú u. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, iná gbé e lórí òpó. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn: "Jímọ̀, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iná gbé Múrítàlá. Ó kú." Ṣókí ni mo máa ń kọ̀wé. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo kọ ọ́ tán ni mo tó sunkún.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá wa, Oyèníran, ní kí n kó àwọn ẹ̀rọ náà fún Abdullateef, ẹni tí Múrítàlá kọ́ níṣẹ́. Abdullateef fúnra rẹ̀ wá bá mi nídìí tábìlì.

"Àǹtí Kòfó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ Ẹ̀gbọ́n tán ná. Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí náà ni. Nílé tiwa, wọn kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òkú láìtíì ṣàdúrà fún un."

"Ẹ̀rọ ò mọ fídáù, Lateef."

"Ó dáa, mà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá máa ṣe é, ẹ mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa ka ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀."

"Ogóje, one by one? Ṣé o fẹ́ kí n sun ibí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìkánjú òun pẹ̀lẹ́, ọgbọọgba ni. Mo ní kó lọ bá iṣẹ́ ẹ̀. Bó ṣe kúrò níwájú mi, mo fàmì sí gbogbo ogóje náà lẹ́ẹ̀kan, mo yọ Múrítàlá, mo fi Abdullateef sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Mo lọ ra àkàrà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Abdullateef dé pẹ̀lú ọwọ́ òsì tó wú. Ó já bọ́ lórí àkàbà ní Mọ́ṣínì. Mo ṣí ìwé ìròyìn láti kọ ọ́, mo sì bá a níbẹ̀: "Ìṣẹ́gun. Abdullateef já bọ́ lórí àkàbà ní Mọ́ṣínì. Ọwọ́ òsì wú." Mo wojú rẹ̀ títí kó tó yé mi. Ìròyìn Múrítàlá ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn láyé. Nígbà tí mo pààrọ̀ orúkọ lápapọ̀, orúkọ inú ìròyìn náà ti yí padà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ni kì í já bọ́ lórí àkàbà?

Ìlà tó tẹ̀ lé e sọ pé ajá gé e jẹ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ní Sùúrùlérè, lọ́jọ́rú. Lọ́jọ́rú, ó ń tiro wọlé. N kò bi í léèrè ibi tó ti ṣẹlẹ̀, òun ló sọ fún mi pé ajá Sùúrùlérè ni. Ìlà ti Ọjọ́bọ̀ sọ pé fóònù rẹ̀ bọ́ sí gọ́tà ní Ọ̀yìngbò. Ọjọ́bọ̀ náà ló gbé fóònù dé nínú ọ̀rá, omi dúdú ń kán nídìí rẹ̀. Ìlà ti Jímọ̀ nìkan ló kù. Ìyàwó rẹ̀, Aneesah, wà nínú oyún oṣù keje.

Ó yẹ kí n sọ fún un. Ojú ló tì mí. Mo kàn ní kó má jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, kó dúró tì mí ní ọ́fíìsì títí dìgbà fídáù. Ó ní ó dáa, mà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, aago kan kọjá díẹ̀, mo lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Nígbà tí mo padà dé, àga rẹ̀ ti ṣófo. Àmì ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìdí-Àràbà ti pọ́n lójú kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀gá ti rán an lọ," ni Jennifer tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wí. "Orúkọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀ now. Ó ní òpó lòun máa gùn."

Mo sáré dé ìsàlẹ̀, n kò rí i mọ́. Fóònù rẹ̀ ti kú. Mo pe ilé ìwòsàn náà, kò wọlé. Ẹ̀rọ tó kú yẹn ni fóònù wọn ń gbà ṣiṣẹ́. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo padà jókòó.

Mo fàmì sí gbogbo ogóje, mo kọ Múrítàlá padà. Kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́. Ó ní kò sí òṣìṣẹ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo, ó kọ ìyẹn náà. Ó to orúkọ àwọn tí mo lè yàn síwájú mi: Oyèníran, Jennifer, Kòfowórọlá. N kò ní purọ́ fún yín, orúkọ ọ̀gá ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Mo rántí àwọn ọmọ rẹ̀, mo pa á rẹ́. Jennifer ń jẹ ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò mọ ohunkóhun. Èmi ni mo fi ìkánjú dá a sílẹ̀. Mo yan orúkọ ara mi, mo tẹ̀ ẹ́.

"Jímọ̀, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iná gbé Kòfowórọlá. Ó kú."

Ìgbà náà ni mo rántí pé a lè fi kún ìwé ìròyìn. Ìṣẹ́jú kan ló kù. Mo fi ìkánjú kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Aago méjì. Kòfowórọlá dìde. Ó lọ bá ọmọ rẹ̀ nílé." Mo ká ọwọ́ mi lé àyà, mo ká ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ pátá. N kò fọwọ́ kan wáyà kankan. Síbẹ̀, nǹkan kan gba inú apá mi wọlé, ó sì gba àyà mi lọ.

Ní aago méjì géérégé, mo dìde.

"Àǹtí, ẹ sùn lọ o," ni Jennifer wí. "Lateef ti fi fóònù ilé ìwòsàn pè. Ó ti ṣe é tán, ó ti ń lọ sí fídáù." Àmì Ìdí-Àràbà ti di àwọ̀ ewé. Inú mi dùn, mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó fọwọ́ kan apá mi, ó sì yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ń wo ìka rẹ̀. Mo fẹ́ bi í pé kí ló dé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti ń lọ.

Láti Yábà dé ilé wa ní Sùúrùlérè ni mo fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn yẹn. N kò làágùn. Òùngbẹ kò gbẹ mí. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn pápá ìṣeré ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé n kò mí láti ọ́fíìsì.

Mo kọ ọ́ pé mo dìde. N kò kọ ọ́ pé mo yè.

Màmá mi ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "O tètè dé lónìí," ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Ayọ̀miídé, ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún, sáré jáde láti yàrá bó ṣe máa ń sáré. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró. Mo na ọwọ́ sí i, mo pe orúkọ rẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì rọra fẹ̀yìn rìn títí ó fi di ìró ìyá àgbà mú.

"Grandma, ẹ ti ilẹ̀kùn," ló wí. "Mọ́mì ò tíì dé."