Ata Tó Ń Já Ewé Ara Rẹ̀

Rùfáì ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó wọ inú àkùrọ̀ tó wà láàárín Àpòmù àti Ìkirè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hú àwọn ata tí àmì dúdú wà lára ewé wọn. Ata ṣọ̀ǹbọ̀ ni. Wọn kò tíì ga ju ìka ọwọ́ lọ, orí ebè tó gbìn wọ́n sí ni wọ́n ṣì wà. Èyí tí ewé rẹ̀ bá mọ́, á fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀ kó lè dúró dáadáa. Èyí tó bá ní àmì, á hú u, á jù ú sínú agbọ̀n láì sọ̀rọ̀.

Bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Nínú ilé wọn, ata tí àmì bá ti bo ewé rẹ̀, Olóde ló fọwọ́ kàn án, bó ṣe máa ń fọwọ́ kan ènìyàn láyé ìgbà tí ìgbóná ṣì ń jà. Ẹnìkan kì í pe orúkọ ohun tó ṣe é. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń hú u, ìpẹ̀kun oko ni wọ́n sì ti ń sun ún. Ìgbóná ti kásẹ̀ nílẹ̀ káàkiri ayé, Rùfáì sì ń kírun márùn-ún lójúmọ́, ṣùgbọ́n ohun tí bàbá ẹni bá fi kọ́ni kì í tètè kúrò lọ́wọ́.

Lọ́dún yìí, kò sí àyè fún àṣìṣe. Lọ́dún tó kọjá, 1991, gbogbo ata orí àkùrọ̀ náà ló kákò, ewé wọn pọ́n rúsúrúsú, wọn kò sì so. Àlàájì Gàrúbà tó ni ilẹ̀ ti sọ tirẹ̀ ní gbangba.

“Rùfáì, mi ò fún ọ ní ilẹ̀ kó o fi ṣe itẹ́ òkú ata. Bí tọdún yìí bá tún kú, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ti ń bẹ̀ mí fún yanrìn ibẹ̀.”

Ilẹ̀ mìíràn tó lómi lẹ́ẹ̀rùn, Rùfáì kò ní.

Ó ku ebè kan kó parí iṣẹ́ nígbà tí Mùnírátù, ìyàwó rẹ̀ tó ń dín dòdò Ìkirè tà, ránṣẹ́ pè é pé ọkọ̀ tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ láti Orílẹ̀-Òwu ti dé. Ó fi ebè náà sílẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fà, Jímọ́ọ̀ dé, ìsọmọlórúkọ tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa padà sóko, ohun tó bá níbẹ̀ mú un dúró sójú kan.

Àwọn ata tó mọ́, tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìdí wọn, ti ń kákò. Àwọn alámì tó ṣẹ́ kù sórí ebè tó fi sílẹ̀ kò kú. Ewé tó ní àmì ti ń já bọ́ fúnra rẹ̀, ewé tuntun sì ti yọ lókè, tútù yọ̀yọ̀. Ó fọwọ́ kan ewé alámì kan díẹ̀ báyìí, ewé náà já bí ẹni tó ti di ẹrù rẹ̀ tán tẹ́lẹ̀. Ojú ibi tó ti já gbẹ, ó dì pa.

Rùfáì jókòó sínú poro. Ọkùnrin tó tú sítóòfù ìyàwó rẹ̀ palẹ̀ nígbà kan nítorí kó lè rí ọ̀nà tí kẹrosíìnì ń gbà gòkè ni. Ó gbé ewé kan sókè sí oòrùn. Àárín àmì náà ti kú, ó gbẹ bíi bébà tí iná sìgá tá sí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gún régé. Ó yọ báírò lápò, ó fa ìlà yí àmì bíi mélòó kan ká. Nígbà tó padà wá wò wọ́n, kò sí èyí tó rékọjá ìlà.

Ó gbin ọ̀kan nínú àwọn ata náà sínú agolo mílíìkì, ó gbé e lọ sílé. Kí ewúrẹ́ má bàa jẹ ẹ́, ó tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá tí Mùnírátù ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí. Kò pẹ́, gbogbo ewé ata náà ti wà nílẹ̀, àti alámì, àti èyí tó mọ́.

Mùnírátù rẹ́rìn-ín títí. “Bàbá Àṣíáwù, ẹ̀yin náà gbé ata lọ bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n sùn. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé èémí rẹ̀ lágbára ni? Ẹyọ kan tó bá pọ́n nínú apẹ̀rẹ̀, á kó gbogbo ìyókù pọ́n.”

“Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Kí ló kan ata níbẹ̀?”

“Ẹ bi ata léèrè. Èmi ò gbọ́ èdè rẹ̀.”

Rùfáì tún un ṣe. Ó gbé ata kan sọ́dọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ó gbé òmíràn sínú yàrá òfìfo. Èyí tó wà lọ́dọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló já ewé. Ló bá kó agolo méjèèjì, ó di ọ̀dọ̀ Susannah, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé ìwé kan ní Ìkirè.

Susannah fetí sí i títí ó fi parí. “Gáàsì kan ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń mí jáde, Bàbá Àṣíáwù. Ẹtilíìnì ló ń jẹ́. Họ́mónù ni, ìyẹn ohun tí igi fi ń ránṣẹ́ káàkiri ara rẹ̀. Ata náà ń ṣe tirẹ̀. Bí àrùn bá wọnú ewé kan, á fi gáàsì yẹn ránṣẹ́ sí ìdí ewé náà pé kó jáwọ́.”

“Ata ló ń lé ewé ara rẹ̀ dànù?”

“Àmì dúdú yẹn gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ ata ni. Àrùn yìí kò lè gbé inú òkú, ara tútù ló fẹ́. Bó bá ti wọlé, àwọn horo kéékèèké tó para pọ̀ di ewé, àwọn tó yí i ká, á pa ara wọn kó má bàa rí ọ̀nà kọjá. Họ́mónù mìíràn á sì lọ ké sí àwọn ewé tó kù pé kí wọ́n gbára dì. Ìbátan ásípírìn ni ìyẹn.”

“Tíṣà, ata mi ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí?”

“Ìbátan rẹ̀ ni mo wí o.”

Rùfáì kò ṣàwàdà mọ́. Ó rántí ọdún 1983, nígbà tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ ń jó oko kòkó lọ. Bàbá rẹ̀ mú àdá, ó bẹ́ odidi ìlà igi kan nínú kòkó tirẹ̀ lulẹ̀, ó gbá ojú ibẹ̀ mọ́. Iná dé ibẹ̀, kò rí nǹkan jẹ, ó kú.

“Àwọn tó ń bá mi pa iná ni mo ń hú,” ni Rùfáì sọ.

“Kì í ṣe gbogbo àmì ló rí bẹ́ẹ̀ o. Èyí tó bá ń gbòòrò, àrùn ló ń borí. Báírò yín ni kẹ́ ẹ máa fi dán an wò. Kẹ́ ẹ sì máa fi ọṣẹ fọwọ́. Àrùn yìí máa ń bá ọwọ́ rìn láti ara ata kan dé èkejì.”

Rùfáì wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọwọ́ tó fi tẹ ìdí gbogbo wọn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó hú gbogbo ata tó kákò, ó sun wọ́n. Ó fọwọ́, ó sì ṣí àwọn alámì lọ gbìn. Igun kan péré ni wọ́n kún lórí àkùrọ̀ ńlá náà. Ibẹ̀ ni Àlàájì Gàrúbà bá a.

“Ìyókù ilẹ̀ ńkọ́? Kí sì nìyí? O hú èyí tó mọ́, o wá tọ́jú èyí tí Olóde fọwọ́ kàn?” Ó tẹ̀ síwájú. “Ta ló kọ̀wé sára ata?”

“Èmi ni, Àlàájì. Ìlà yẹn ni ààlà. Ẹ wò ó, àrùn kò kọjá rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ata ló pa ojú ibẹ̀ kó má bàa kú. Ẹ jẹ́ kó so ná. Bí kò bá so, èmi fúnra mi ló máa bá wọn gbẹ́ yanrìn.”

Àlàájì fi ọ̀pá rẹ̀ kan ewé alámì kan. Ewé náà já bọ́, igi ata dúró gbọin. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ibi tó ti já. “Ó dáa. Ìkórè kan ni mo fún ọ.”

Igun náà so. Ó so débi pé Mùnírátù kò ra ata dòdò lọ́jà títí òjò fi dé. Rùfáì kò jẹ́ kí wọ́n lọ èyí tó dára jù. Ó sá wọn, ó yọ irúgbìn wọn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, ó gbìn wọ́n. Díẹ̀ nínú wọn kákò, ó hú wọn kúrò. Àwọn tó pọ̀ jù ní àmì, wọ́n já ewé wọn, wọ́n sì ń dàgbà lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkórè, ata pupa bo àkùrọ̀ náà láti ẹ̀bá ọ̀nà dé etí omi. Àlàájì Gàrúbà ti ní kí àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lọ wá yanrìn síbòmíràn. Ó mú agbọ̀n òfìfo wá, ó ní kí Rùfáì bá òun di irúgbìn sí i fún oko òun ní Wásinmi, kó sì máa ro àkùrọ̀ náà lọ níwọ̀n ìgbà tó bá wù ú.